Bí Ọdẹ́sànmí Ṣe Lọ Bẹ Àwọn Ẹranko Kí Wọ́n Padà Sílé

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará. Ẹni tí iṣu rẹ̀ wà lórí iná, kí ó tètè lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tí ó bá dìde lọ ṣí ìkòkò. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun a máa húkọ́, kí ó bọ́ sẹ́yìn. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, inú iṣẹ́ ọdẹ ni mo ti hu irun funfun. Mo ti rí ìmàdò tí ó ń fi eyín họ ẹ̀yìn fún ìyàwó rẹ̀. Mo ti bá iwin kan du ibòji igi, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀, òun sì lọ dúró nínú oòrùn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi iwin náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni ti òní. Ti Ọdẹ́sànmí ni, olórí àwọn olùṣọ́ Igbó Olómitútù ní ìlú Ìdí-Ògánwó, ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí ènìyàn kì í dé, tí ó sì padà bọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn ní èjìká.

Ọdẹ́sànmí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ dà bí ìrù ẹfọ̀n, ẹnu rẹ̀ sì ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó ń ṣọdẹ, bí ó bá pa ọ̀kẹ́rẹ́ kan, kí ó tó dé ẹnubodè, ọ̀kẹ́rẹ́ náà á ti di àgbọ̀nrín; kí ó tó dé ilé, á ti di ẹkùn. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ a ṣí àpò, a wo inú rẹ̀, a ní, "Baálé mi, ẹkùn yìí kò ní kún ìṣaasùn."

Inú Igbó Olómitútù yìí ni omi tí gbogbo ìlú ń mu ti ń sun. Nígbà tí ọdẹ pọ̀ jù tí ẹran sì ń tán lọ, Ọlọ́gánwó, ọba ìlú náà, fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn agégẹdú fi gbé ayùn wọn dé. Wọ́n ní igbó tí a kò dẹ, tí a kò ro, kí ni a fi ń ṣe? Àwọn ìjòyè ro ọ̀rọ̀ náà síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní kí a ṣí ẹnu ọ̀nà igbó fún àwọn àlejò afẹ́, kí wọ́n máa wá wo ẹranko, kí wọ́n máa gba atẹ́gùn, kí ohun tí wọ́n bá san sì máa gbọ́ bùkátà ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Wọ́n wọ aṣọ kakí fún Ọdẹ́sànmí, wọ́n so fèrè mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fi í ṣe olórí olùṣọ́. Àwọn agégẹdú rí i pé igbó ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, wọ́n di ayùn wọn, wọ́n lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹnu kì í gbófo. Àwọn tí ó wá sọ fún àwọn tí kò wá, gbogbo wọn sì ya dé. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọlé, tí ariwo rẹ̀ mú kí ẹyẹ ẹ̀gà gbàgbé orin ìran rẹ̀. Àwọn kan ń fi ọ̀kadà sáré lórí ihò òkété. Wọ́n ń sun ẹran adìyẹ lábẹ́ igi tí àwọn ẹyẹ ń sàba lé, èéfín ń fọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ lójú. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ wọn sára ìrókò. Ọkùnrin kan lé ẹtu kiri láti àárọ̀, ó ní kí ó dúró kí òun ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́sànmí tí a fi ṣọ́ igbó ńkọ́? Ìdí iṣẹ́ ẹni ni a ti í mọ ni lọ́lẹ. Òun kò ya ọ̀lẹ, àṣejù ni tirẹ̀. Bí ẹfọ̀n bá sùn, tí àwọn àlejò ní àwọn fẹ́ rí i ní ìdúró, Ọdẹ́sànmí a fọn fèrè sí i létí, a sì fi ọ̀pá gbá ìdí igi. Ẹfọ̀n a ta gìrì dìde, àwọn àlejò a pàtẹ́wọ́, Ọdẹ́sànmí a sì tẹríba fún wọn bí ẹni pé òun ni ó bí ẹfọ̀n náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, igbó dákẹ́. Kò sí ọ̀bọ lórí igi, kò sí òkété nínú ihò. Erin tí ó tóbi tó ilé lọ, eku tí kò tó ìka lọ. Wọ́n ti kó lọ tọmọtọmọ. Àwọn àlejò dé, wọ́n rìn títí, wọn kò rí nǹkan kan àfi ewúrẹ́ ìyá kan tí ó já okùn wọ inú igbó. Wọ́n yí ewúrẹ́ náà ká, wọ́n ń ya á ní fọ́tò láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, wọ́n ń bi Ọdẹ́sànmí bóyá ó máa ń bu ni jẹ. Nígbà tí ìyá tí ó ni ewúrẹ́ wá fà á ní okùn lọ ilé, ọ̀rọ̀ di ìjà. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ àlejò kúrò ní Ìdí-Ògánwó. Àwọn agégẹdú gbọ́, wọ́n sì padà dé. Ibi tí oyin bá ṣẹ́ kù sí ni eèrà ń mọ̀.

Ọba ránṣẹ́ pe Ọdẹ́sànmí. Ó ní, "Ìwọ ni o máa ń sọ níbi ẹmu pé o gbọ́ èdè gbogbo ẹranko."

Ọdẹ́sànmí wo ilẹ̀. "Kábíyèsí, mo gbọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Èyí tí o sọ fún mi lọ́dún tó kọjá ni pé ẹkùn a máa fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ kí ó tó gbéyàwó. Lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí wọn kò tíì dé, n ó fi igbó náà lé àwọn agégẹdú lọ́wọ́, nítorí kò sí owó mìíràn tí a ó fi kan òrùlé ilé ìwé."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdẹ́sànmí délé, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Àyọ̀ká di àkàrà líle àti gààrì fún un. Ó ní, "Baálé mi, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀. Ẹ má ṣe ròyìn ara yín."

"Àyọ̀ká, ṣé o rò pé mi ò lè dákẹ́ ni?"

"Ẹ lè dákẹ́. Èmi ni mi ò tíì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dákẹ́."

Ó tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹranko, kò sì pẹ́ tí ọ̀nà fi di àjèjì fún un. Igbó ilé tán, igbó iwin bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tí gbòǹgbò igi so kọ́ra wọn bí irun dídì, tí ó dí ọ̀nà pa. Iwájú gbòǹgbò yìí ni iwin kan dùbúlẹ̀ sí, Elétí-Atẹ ni wọ́n ń pè é. Etí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó atẹ tí a fi ń fẹ́ ìrẹsì. Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ sùn lé, ó fi èkejì bora. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń tu ọmọ nínú pé, "Ẹni tí yóò bá kọjá yóò já àlọ́ mi. Ó wọlé, onílé jáde. Ó jáde, onílé wọlé. Kí ni?"

Ọdẹ́sànmí rẹ́rìn-ín. "Èéfín ni."

"Èéfín a máa wá ọ̀nà òrùlé bá lọ. Èyí kì í mọ̀ ọ́n lọ."

"Ìjàlọ ni, àwọn eèrà tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́."

"Ìjàlọ ní ọ̀wọ̀ ju èyí lọ."

"Àna ẹni ni."

Elétí-Atẹ gbé orí sókè díẹ̀. "Ìyẹn sún mọ́ ọn. Òun kọ́."

Inú bí Ọdẹ́sànmí. Ó dìde, ó fi ọwọ́ gbá àyà, ó kígbe pé òun ni Ọdẹ́sànmí ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí ó fi ìgbátí kan pa ìkookò, tí ó fi ìró ẹsẹ̀ lé ẹfọ̀n wọ odò. Kí ó tó dé ibi orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, Elétí-Atẹ ti ká etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹní, ó sì ti sá wọ inú pàlàpálá àpáta. Ọdẹ́sànmí yọ̀. Ó ní òun ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tú u. Ó jókòó, ó panu mọ́ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Láìpẹ́, iwin náà yọ imú, ó yọ orí, ó tún padà wá tẹ́ etí rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdẹ́sànmí tún bínú, ó tún kígbe. Iwin tún sá lọ. Ó dákẹ́, iwin tún bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ọ̀fun ọdẹ fi gbẹ. Ẹ̀yin náà tí ẹ jókòó yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mo rí i lójú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú odò kì í rí bí omi ṣe ga tó. Ìgbà tí Ọdẹ́sànmí fẹ́ kígbe lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ó ti la ẹnu, tí ó rí bí iwin ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti sá, ni ó tó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó sún mọ́ etí ńlá náà, ó sì rọra sọ pé, "Ariwo ni."

"O ṣeun," ni Elétí-Atẹ wí. "Láti àárọ̀ ni o ti ń sọ ìdáhùn náà; ìsinsìnyí ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ." Gbòǹgbò tú, ọ̀nà là.

Ìlú Awòran ni ọ̀nà náà já sí. Àwọn iwin ibẹ̀ kì í ro oko, wọn kì í ṣòwò. Ìran wíwò nìkan ni iṣẹ́ wọn. Bí ewé bá já bọ́ láti orí igi, gbogbo ìlú á jáde wá wò ó. Bí Ọdẹ́sànmí ṣe yọjú báyìí, àwọ̀n bọ́ lé e lórí. Wọ́n gbé e lọ sínú ọgbà kan tí wọ́n fi òpó yí ká, wọ́n kọ́ ahéré kékeré kan sí àárín rẹ̀, wọ́n da èèpo iṣu sílẹ̀ fún un. Iwin kan tí ó wọṣọ ewé, tí ó so ìwo mọ́ ọrùn, ni olùṣọ́ ọgbà náà. Olójúmẹ́fà ni orúkọ rẹ̀, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń ṣẹ́jú ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn awòran ya dé tọmọtọmọ. Olójúmẹ́fà kọjú sí wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin àlejò wa, èyí ni ènìyàn akọ. Bí inú bá bí i, a máa sọ̀rọ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, a máa sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ inú ọgbà, kí ó má baà bá ọwọ́ yín sọ̀rọ̀."

Ìyá àgbà iwin kan wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé èyí tí ó tóbi jù nìyí? A rìn jìnnà o."

Kí n má purọ́ fún yín, ìran náà kọ́kọ́ dùn mọ́ Ọdẹ́sànmí. Kò tíì rí èrò tó bẹ́ẹ̀ rí tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ ti ìkookò, ó sọ ti ẹkùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ ọ́ tán tí ó fẹ́ jókòó, wọ́n ní kí ó tún un sọ. Ó fẹ́ sùn lọ́sàn-án, Olójúmẹ́fà fọn ìwo sí i létí, ó fi ọ̀pá gún un níhà, ó ta gìrì dìde, àwọn awòran sì hó. Èso tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń jù lù ú lórí, wọ́n ní kí ó fi ẹnu hán an. Obìnrin iwin kan wọlé, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí ó tutù bí ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní kí wọ́n ya àwòrán àwọn méjèèjì sára ewé kókò, kí ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín. Èyí tí ó wá burú jù ni pé kò ríbi yà sí. Bí ó bá ti lọ sẹ́yìn ahéré, tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a sáré yí ọgbà ká, wọn a máa pe ara wọn pé, "Ẹ wá wò ó, ó fẹ́ ṣe nǹkan." Ohun tí ó fẹ́ ṣe náà a sì kọ̀ láti ṣe.

Níbi tí ó ti ń tòògbé lẹ́bàá òpó, iwin kan tí ń jẹ́ Wòrúkú fi ẹ̀gún kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i ní èjìká pé, "Wòrúkú dé ibí." Oró ẹ̀gún náà ni ó jí i. Ó wo èjìká rẹ̀, ó wo àwọn awòran. Ó wọ inú ahéré lọ, ó kó ewé bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Ìwo dún, kò jáde. Wọ́n fi ọ̀pá tú ewé, ó tún gbá a jọ.

Nígbà tí àwọn awòran kò rí nǹkan wò mọ́, wọ́n bínú lọ sílé. Olójúmẹ́fà wá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ahéré, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀wọ́, yọ orí nìkan. Ọba wa ní bí wọn kò bá rí ọ, kí a ro ọgbà yìí, kí a fi gbin ilá."

"Èmi náà ńkọ́?" ni Ọdẹ́sànmí bi í láti abẹ́ ewé.

"Ọba ní ilá àti ẹran a máa bá ara wọn lọ."

Ọdẹ́sànmí tún bi í pé, "Ta ni ó ní kí o máa fọn ìwo sí mi létí?"

"Àwọn àlejò ní àwọn fẹ́ rí ọ ní ìdúró. Bí o bá sì dìde, èmi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó máa ń dùn mọ́ mi, mi ò lè purọ́ fún ọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́sànmí lára bí òtútù. Ó na ọwọ́ kan fèrè ọrùn rẹ̀, ojú ẹfọ̀n tí ó ti oorun ta gìrì sì yọ sí i gedegbe. Ìtìjú mú un tó bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ fi dùn pé ewé bo òun. Ó ní, "Jókòó. Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ìwọ ń ṣe."

Wọ́n jọ jókòó gbìmọ̀. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ dí ẹ̀yìn ahéré, kí ojú ẹnikẹ́ni má ṣe débẹ̀ mọ́. Wọ́n sún àwọn awòran sẹ́yìn, sí abẹ́ igi kan ní òkèèrè, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa wá, kí wọ́n má ṣe ju nǹkan, kí wọ́n má ṣe hó. Wọ́n kùn, wọ́n ní irú ìran wo ni èyí. Ìyá àgbà iwin ọjọ́sí ní òun kò ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọdẹ́sànmí rí i pé ẹnikẹ́ni kò dà á láàmú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó jáde fúnra rẹ̀, ó bu omi bọ́jú, ó rẹ gààrì, ó ń kọrin sí abẹ́nu bí ó ti ń rán aṣọ rẹ̀ tí ó ya. Ó gbàgbé pé wọ́n ń wo òun. Àwọn iwin jókòó lábẹ́ igi, wọn kò mí. Ìyá àgbà iwin tí ó ní òun kò ní wá mọ́ ni ó gbẹ̀yìn àwọn tí ó dìde. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń rán aṣọ."

Olójúmẹ́fà fúnra rẹ̀ ni ó tú òpó ọgbà. Ó ní ẹni tí kò sí nínú ìdè ni ìran rẹ̀ dùn wò, kí Ọdẹ́sànmí máa lọ, bí ó bá wù ú kí ó máa gba ibẹ̀ kọjá nígbà mìíràn. Ó nàka sí òkè kan. "Àwọn ẹranko tí o ń wá wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n ń kọjá, a fẹ́ mú wọn. Wọ́n ní àwọn ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, àwọn kò tún ṣe mọ́."

Ẹ̀yìn òkè náà gbẹ, koríko rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ìyá àgbà Erin ni ó jẹ́ olórí wọn, etí rẹ̀ ti ya bí ògbólógbòó aṣọ. Bí wọ́n ti rí aṣọ kakí, ẹfọ̀n fọn imú, ó ní, "Ẹ wo onífèrè."

Ẹnu yún Ọdẹ́sànmí. Ó la ẹnu, ó ní, "Èmi Ọdẹ́sànmí, ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí ó..." Ó dúró. Ó rántí ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Mo wá bẹ̀ yín ni. Kò sí ohun mìíràn tí mo jẹ́."

Wọ́n ro ẹjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹfọ̀n ní láti ìgbà tí fèrè ti dé, òun kò tíì sun oorun kan já. Òòrẹ̀ ní wọ́n fa ẹ̀gún ìdí òun tu, wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ fìlà. Akika, ẹni tí ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká nítorí ìtìjú, ní wọ́n fi òun gbá bọ́ọ̀lù. Ó sọ ọ́ tán, ó tún ká ara rẹ̀ jọ.

Ọ̀bọ ní òun fẹ́ padà. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní ẹ̀pà ni. Wọ́n ní kí ó jókòó.

Nígbà náà ni ẹtu, tí ó kéré tí ojú rẹ̀ sì tóbi, sọ̀rọ̀. "Ariwo àwọn àlejò ń pa mí lórí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, tàkúté ni ó wà ní gbogbo ọ̀nà tí mo ń gbà lọ mu omi. Mo bí, ọdẹ gbé. Mo tún bí, ọdẹ tún gbé. Àlejò wọ̀nyí ń fi mí ya fọ́tò, ẹnì kan nínú wọn kò tíì fi mí sọbẹ̀."

Ẹfọ̀n ní, "Bí a bá padà, ariwo yóò pa wá."

"Bí ẹ kò bá padà," ni Ọdẹ́sànmí wí láti ilẹ̀ tí ó wà, "ayùn yóò gé igbó náà, omi yóò gbẹ, ibi tí à ń pè ní ilé yóò di ìtàn. Mo ti mọ ohun tí ojú yín rí. Wọ́n ti wo èmi náà." Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi èjìká hàn wọ́n.

Ìyá àgbà Erin tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè, "Wòrúkú dé ibí." Ó wo ẹfọ̀n, ẹfọ̀n wò ó. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹfọ̀n, ó sì ràn mọ́ gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí akika fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀ tí ó bèèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Ọdẹ́sànmí náà rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹ̀rín bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ ti ríbi jókòó.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Igbó náà tó gbogbo wọn gbé. Báyìí ni wọ́n pín in. Apá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, níbi tí omi ti ń sun, kò sí àlejò tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Apá ìlà oòrùn ni wọn yóò la ọ̀nà sí, ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi rìn ín, àwọn díẹ̀ ní ìgbà kan, ohùn ilẹ̀ jẹ́jẹ́ ni wọn yóò fi máa sọ̀rọ̀. Bí àsìkò ìbímọ bá dé, kí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà pa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ẹranko ní oúnjẹ. Ọ̀bọ dìde, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé òun dáadáa. Wọ́n ní kí ó jókòó.

Ìyá àgbà Erin wá ní, "Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀yin ń wá wò wá. Àwa náà yóò máa wá wò yín, ọjọ́ kan lọ́dún, bí òjò bá ti dá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo, kí olúkúlùkù wà nínú ilé rẹ̀ kí ó máa ṣe ohun tí ó máa ń ṣe."

Ọdẹ́sànmí kò dúró bi ọba léèrè. Ó búra síbẹ̀, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e bọ̀ títí dé ẹ̀bá igbó.

Nígbà tí ó délé, ìkuukùu ti ṣú, àwọn agégẹdú ti ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi. Ọba gbọ́ àdéhùn náà, inú bí i. Ó ní, "Kí erin wá máa wò mí? Èmi Ọlọ́gánwó?"

"Kábíyèsí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Kì í dùn ní ọjọ́ kìíní, ó máa ń mọ́ ni lára."

Ààrá sán lókèèrè. Ọba wo òkè, ó wo àwọn ìjòyè, ìjòyè kọ̀ọ̀kan sì ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbà. Nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, erin ni ó ṣíwájú wọ inú Igbó Olómitútù, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, àwọn agégẹdú sì di ayùn wọn lẹ́ẹ̀kejì.

N kò ní sọ fún yín pé ohun gbogbo wá dán bí awo. Ọ̀bọ ṣì ń jalè. Àwọn àlejò kan ní igbó tí kò sí orin nínú rẹ̀ kò yẹ ní igbó afẹ́, wọ́n bá ibòmíràn lọ. Olówó kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, Ọdẹ́sànmí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ń bú u lọ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó ti dé ẹ̀bá omi, ẹtu kan kó ọmọ rẹ̀ jáde wá mu omi níwájú rẹ̀, kò sì sá. Olówó náà gbàgbé èébú tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Títí ó fi wọ ọkọ̀ rẹ̀, ohùn ilẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀.

Òjò dá, ọjọ́ ìwòran pé. Ní òwúrọ̀, àwọn ẹranko tò wọ ìlú, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń wọ ilé olókùnrùn. Ọba ti múra. Ó dé adé, ó wọ agbádá ńlá, ó jókòó lórí ìtẹ́ láti kùtùkùtù, kò mira, ó na ọrùn sókè. Àwọn ẹranko wò ó díẹ̀. Òòrẹ̀ bèèrè bóyá ó wà láàyè. Wọ́n kọjá.

Ojúlé Ọdẹ́sànmí ni gbogbo wọn dúró sí. Òun àti Àyọ̀ká jókòó lórí àpótí, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí sínú igbá, wọ́n sì ń bá ara wọn jà.

"Èèpo ni ẹ ń dà sínú igbá, baálé mi. Ilẹ̀ ni ẹ ń da ẹ̀gúsí sí."

"Àyọ̀ká, ẹni tí ó bá iwin gbé, ẹ̀gúsí ni yóò wá ṣòro fún un?"

"Iwin náà kì í jẹ ọbẹ̀ tèmi."

Ọdẹ́sànmí gbé ojú sókè, ó rí erin, ó rí ẹfọ̀n, ó rí gbogbo èrò tí ó kún iwájú ọgbà. Ó gbé àyà síwájú, ó fẹ́ dìde. Àyọ̀ká fà á ní ẹ̀wù. "Ẹ jókòó. Wọ́n ní ohun tí a máa ń ṣe ni kí a ṣe." Ó jókòó. Wọ́n ń pa ẹ̀gúsí lọ, ìjà tán, wọ́n ń pa á lọ láìsọ̀rọ̀, èjìká wọn kan ara wọn.

Ọmọ erin kan wà láàárín ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ó wò wọ́n títí, lẹ́yìn náà ó fi imú fa etí ìyá àgbà, ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń bu ni jẹ?"

"Bí o kò bá pariwo sí wọn," ni Ìyá àgbà Erin wí, "wọn kì í ṣe ni ní nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀, ẹ̀yin ará. Kí ilẹ̀ tí ẹ óò tẹ̀ lọ ilé rọ̀ yín lẹ́sẹ̀, kí ohun tí ó ń gbé inú rẹ̀ sì gbọ́ ìró yín láìsá.